Ẹ Kó Eérú Kúrò Kí Ẹ Tó Kó Igi Sí I: Bí Onígbàgbọ́ Tó Ti Lọ́wọ́wọ́ Ṣe Lè Tún Gbóná

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ìgbàgbọ́ mi ti lọ́wọ́wọ́, àdúrà ni mo ń gbà lọ́wọ́. Ọmọ aládùúgbò wa kan ló ń ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ ní kí n wá bá òun gbàdúrà. Mo dìde, mo dijú, àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu mi bí ìgbà tí kọ́ńdọ̀ bá ń pe ibùdókọ̀ ní Ìbàdàn: Ìwó Road, Gate, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀. N kò ṣi ẹsẹ Bíbélì kankan pè, n kò fo oríkì Ọlọ́run kankan. Nígbà tí mo ṣe "Àmín", obìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó dúpẹ́ gidigidi. Èmi ti ń wá bàtà mi, nítorí mo gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà yẹn ni mo ń rò láti ìdajì àdúrà náà.

Nígbà yẹn, ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ni ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. N kì í mutí, n kì í pa ìsìn jẹ, n kì í pẹ́ san ìdámẹ́wàá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé mo ti fà sẹ́yìn, gbogbo ìjọ ni yóò gbèjà mi. Ohun tó mú kí àìsàn yìí ṣòro-ó mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó padà sẹ́yìn mọ̀ pé òun ti kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó lọ́wọ́wọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó ń kí àwọn tó ń kọjá.

Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ lára àwọn mìíràn. Ẹ gbà á bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń dáná.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: irú omi wo ni yín?

Laodikea tí Jésù ránṣẹ́ sí ìjọ rẹ̀ nínú Ìfihàn orí 3, pé wọn kò gbóná, wọn kò sì tutù, torí náà òun yóò pọ̀ wọ́n jáde lẹ́nu, wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, nítòsí ìlú Denizli. Ìlú olówó ni. Wọ́n ń ta irun àgùntàn dúdú tó dára, wọ́n lókìkí nínú ìṣègùn, owó sì ń yí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì, tó wó ìlú náà ní ọdún 60, owó ara wọn ni wọ́n fi tún un kọ́, wọn kò gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ Róòmù. Ẹ kò rí i pé kò yani lẹ́nu pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìjọ tó ń sọ pé òun kò ṣe aláìní ohunkóhun?

Ohun kan ni owó wọn kò rí rà: omi tó dára. Ní Hierapoli, ní òdìkejì àfonífojì, omi gbígbóná ló ń sun láti inú ilẹ̀. Ní Kolose, omi tútù ni. Omi ti Laodikea ń gba inú ọ̀pá òkúta wá láti ọ̀nà jíjìn, ìpẹ́pẹ́ funfun tó dì mọ́ inú àwọn ọ̀pá náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Omi gbígbóná dára fún ara ríro. Omi tútù dára fún òùngbẹ. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn oníwàásù tó ń sọ pé ohun tí Jésù ń sọ ni pé kèfèrí paraku sàn ju Kristẹni aláàbọ̀ lọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí ni pé gbígbóná wúlò, tútù náà wúlò, àmọ́ ẹni tó bu èyí tó lọ́wọ́wọ́ sẹ́nu yóò pọ̀ ọ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa kò tọ̀nà. À ń bi ara wa pé, "Ṣé mo ṣì ń ní ìmọ̀lára bíi ti àtijọ́? Ṣé omijé ṣì ń bọ́ lójú mi nígbà orin?" Kò sí ẹni tó bi omi bó ṣe ń ṣe é lára. Ta ni mo wúlò fún? Ẹ mú ìbéèrè yẹn dání, a ó lò ó láìpẹ́.

Ẹ ṣọ́ ara yín fún ọjọ́ méje

Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Ẹ má tíì gbààwẹ̀, ẹ má tíì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé pélébé kan, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kí ẹ tó sùn lálaalẹ́, ẹ dáhùn mẹ́ta yìí:

Kí ni mo bá Ọlọ́run sọ lónìí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́?

Ta ni mo wúlò fún lónìí, nínú àwọn tí kò lè san án padà fún mi?

Kí ni ìgbọràn sí Ọlọ́run ná mi lónìí?

Ìkẹta ló máa ń ká ènìyàn mọ́. Inú 2 Sámúẹ́lì orí 24 ni mo ti mú un. Arauna fẹ́ fún Dáfídì ní ilẹ̀ ìpakà, ó fẹ́ fi màlúù àti igi lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Dáfídì kọ̀, ó san ṣékélì fàdákà 50, ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa. Ohun tó ná yín lè jẹ́ owó. Ó lè jẹ́ oorun. Ó lè jẹ́ òfófó aládùn kan tó ti dé ahọ́n yín, tí ẹ wá gbé mì. Nínú tèmi, òfìfo ni mo kọ sí ìbéèrè kẹta fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹfà, mo kọ pé mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ bó tilẹ̀ rẹ̀ mí. Ní ọjọ́ keje, mo fi bírò fa ìyẹn rẹ́, torí mo rántí pé wọ́n pín ìrẹsì níbẹ̀.

Ẹ má fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe pásítọ̀. Gbàrà tí ẹ bá mọ̀ pé ẹnìkan yóò kà á, ohun tó dùn-ún kà lẹ ó máa kọ.

Ẹ kó eérú

Nínú Léfítíkù orí 6, Ọlọ́run ní iná orí pẹpẹ kò gbọdọ̀ kú, kí àlùfáà máa kó igi sí i ní òròòwúrọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń wàásù. Ṣùgbọ́n nínú orí yẹn kan náà, kíkó eérú ló ṣáájú. Àlùfáà yóò wọ aṣọ ọ̀gbọ̀, yóò kó eérú ẹbọ tó jó mọ́jú, yóò dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, yóò bọ́ aṣọ yẹn, yóò wọ òmíràn, yóò gbé eérú náà jáde lọ sẹ́yìn ibùdó. Ẹni tó bá ti bá ìyá àgbà dáná lórí ààrò rí mọ ìdí rẹ̀. Bí eérú àná bá kún ìdí ààrò, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé. Ẹ lè kó igi gbígbẹ tó wù yín sí i, èéfín ni yóò máa rú, ojú yín ni yóò máa ta.

Eérú yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Igi rere ló jó di eérú. Ohun tí mò ń pè ní eérú ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run ṣe nínú yín lánàá tí ẹ ṣì fi ń ṣe fáàrí lónìí. Ẹ̀rí kan náà tí ẹ ti ń jẹ́ láti nǹkan bí ogún ọdún. Ìtàn ìgbà tí ẹ wà ní yunifásítì, tí ẹ máa ń gbàdúrà mọ́jú ní pápá ìṣeré, tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ wàásù ní abúlé. Oyè: Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ, Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ tí à ń dá lọ́dọọdún. Mo mọ àwọn tó lè sọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n di àtúnbí, àmọ́ tí wọn kò lè dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run bá wọn wí lé lórí lọ́dún yìí. Mo wà lára wọn.

Bí ẹ ó ṣe kó o rèé. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní ìjọ sórí ìwé. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìgbà tí ẹ gbàdúrà kẹ́yìn nípa rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é. Èyí tí ẹ rí i pé ẹ lè ṣe dáadáa láìní Ọlọ́run nínú rárá, ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹyọ kan. Ẹ lọ bá pásítọ̀ fúnra yín, ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ ṣàlàyé pé ẹ kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì fẹ́ kúrò. Ó lè má dùn mọ́ ọn nínú, pàápàá ní ìjọ tí òṣìṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ rọra bẹ̀ ẹ́.

Èmi fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi ló ń kọ́ wa. Ó ṣi Hábákúkù pè. Mo ti tọ́ ọ sọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkàn mi kí n tó mọ̀ pé n kò gbọ́ ohunkóhun nínú ẹ̀kọ́ náà. Eérú nìyẹn, ó ga tó orúnkún.

Mo fẹ́ràn ibi tí àlùfáà ti pààrọ̀ aṣọ yẹn. Aṣọ pẹpẹ kọ́ ni a fi ń ru eérú jáde. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp pé Ọlọ́run ní kí ẹ sinmi.

Ẹ san gbèsè tó wà nílẹ̀

Mo jẹ ìyá aránṣọ kan ní 4,500 náírà. Aṣọ ìkórè ló bá mi rán. Mo ní tó bá di ìparí oṣù. Oṣù parí, òmíràn tún parí, ọ̀rọ̀ di ọdún kan ààbọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, torí náà mo wá ọ̀nà ẹ̀yìn kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tí mò ń gbà lọ sí ìpàdé àdúrà ní Ọjọ́rú. Mo ti ń gbà á pẹ́ débi pé mo gbàgbé ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ kún ibẹ̀, bàtà mi kan há sínú rẹ̀. Mò ń kùn sí ìjọba ìbílẹ̀ pé wọn kò tún ọ̀nà ṣe. Ibi tí mo ti ń fa bàtà yọ ni mo ti rántí pé ọ̀nà tó dára wà ní iwájú, àti ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Mo wọ inú ìpàdé, n kò rí àdúrà gbà. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí owó náà kó jọ. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, mo ti mú ẹsẹ Bíbélì lọ. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ka owó, ó fi sínú àpò, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Aṣọ yẹn ò lè gbà yín mọ́ báyìí. Ẹ gbé e wá, kí n tú ìhà rẹ̀ fún yín." Mo gba ojú ọ̀nà lọ sí ìpàdé ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e.

N kò lè ṣàlàyé fún yín bí ó ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ààwẹ̀ tí mo ti gbà lọ́dún yẹn kò ṣe ohun tí 4,500 náírà yẹn ṣe nínú mi.

Torí náà, ẹ wo ọ̀nà ẹ̀yìn tiyín. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ yá, tí onídùúró yín ń san. Iná tí ẹ ń lò tí kò gba inú mítà kọjá. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹ kò san owó rẹ̀ pé. Àbúrò tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ pín ilé bàbá. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Bí owó kò bá pé, ẹ mú èyí tó wà lọ́wọ́ lọ, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ìyókù. Sákéù ní òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin, ojú ẹsẹ̀ tó dìde ló sọ ọ́. Kò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ gbàdúrà sí i ná. Ohun kan ni mo máa kìlọ̀: bí ó bá jẹ́ àṣírí tí sísọ rẹ̀ lè fọ́ ilé ẹlòmíràn tàbí tó lè kó ẹlòmíràn sí ewu, ẹ kọ́kọ́ fi lọ àgbà onígbàgbọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ wúwo.

Ẹ ṣá igi gbígbẹ

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò à-ka-Bíbélì-tán-lọ́dún-kan. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì, ó ju mẹ́ta lọ lóòjọ́. Ẹni tó ti lọ́wọ́wọ́ yóò máa sá a kà bí ẹni ń san owó orí, tó bá sì di ìwé Léfítíkù, yóò dúró. Ìhìn Rere Máàkù ni kí ẹ mú. Orí 16 péré ni. Orí kan lóòjọ́, ẹ kà á sókè.

Ẹ kà á ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi gẹ̀ẹ́sì ka Bíbélì títí tí ó fi ń yọ̀ lọ lójú wa bí omi lórí ewé kókò. Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò kánjú: Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì kò sì jáde títí di 1884. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọdún tó tó báyẹn wọ̀n, a kì í fi ìṣẹ́jú méjì gbé e mì. Èdè tí ìyá yín fi ń bá yín wí ni, yóò rí ibi tó máa gbà wọlé.

Fóònù yín kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá. Mo mọ̀ pé Bíbélì wà nínú rẹ̀. Gbogbo nǹkan mìíràn náà wà nínú rẹ̀. Ẹ ra aago tó ń dún, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí àìsí iná, kí ẹ jí ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ẹni tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú ilé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kà á, ẹ kọ ìlà kan sínú ìwé ìkọ̀wé yẹn. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ohun tí ẹ máa ṣe, àti wákàtí. Ní orí kìíní Máàkù, Jésù na ọwọ́ kan adẹ́tẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, "Kí n túbọ̀ ní ìfẹ́," igi tútù nìyẹn, kò ní jó. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, "Màmá inú yàrá ẹ̀yìn tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í wá: kí n lọ bá a gé èékánná, aago mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀," yóò jó. Ẹ má ya fọ́tò níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún kẹrosíìnì

Gbogbo ẹni tó ti dáná igi rí ló mọ ọgbọ́n ọ̀lẹ yìí: a da kẹrosíìnì sórí igi tútù, a ṣá ìṣáná sí i. Iná á sọ lálá, aládùúgbò á rí i. Kí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti kú.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ayé ìgbàgbọ́ wa báyìí, láti ìsọjí dé àpéjọpọ̀, láti ìṣọ́ òru dé ààwẹ̀ ọjọ́ 21 tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, èmi náà máa ń lọ, mo sì máa ń sunkún níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọn kì í gbẹ igi.

A fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ìsọjí ńlá ti 1930. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn náà pé. Oṣù Kẹwàá 1928 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, oníwàásù ìsọjí náà, gbọ́ ìpè Ọlọ́run, nígbà tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà ìjọba ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, tí ẹ̀rọ náà sì dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrò rẹpẹtẹ tí gbogbo ènìyàn ń ròyìn, ti Òkè-Ooyè ní Iléṣà, di oṣù Keje 1930. Ọdún méjì ku díẹ̀ ló wà láàárín wọn, ó ń gbààwẹ̀, ó ń gbàdúrà, ó ń wàásù ní ìlú rẹ̀, Òdò-Ọ̀wá, níbi tí àwọn kan ti rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Òkè-Ooyè ni gbogbo wa ń bèèrè fún nínú àdúrà. N kò tíì gbọ́ ẹni tó bèèrè fún ọdún méjì Òdò-Ọ̀wá.

Fún oṣù àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 15 ti tó fún àdúrà ìkọ̀kọ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọpẹ́, kí ẹ máa dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá gan-an, kì í ṣe "ẹ̀mí àti ìlera". Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìjẹ́wọ́, níbi tí ìwé ìkọ̀wé yóò ti wúlò. Márùn-ún tó kù, ẹnìkan ṣoṣo ni kí ẹ gbé wá síwájú Ọlọ́run fún odindi ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì lọ wo ẹni náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ má pariwo. Ìjọ onípariwo ni tèmi, mo mọ ohun tí mò ń sọ: ariwo lè bo àìní-ohun-í-sọ mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò láìpariwo gùn ju ìṣọ́ òru kan lọ.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ohun tí ẹ kò jẹ, ẹ gbé e fún ẹni tí kò rí jẹ. Aísáyà orí 58 kò fi méjèèjì sí ọ̀tọ̀.

Ẹ wá ẹni méjì tí yóò máa bi yín léèrè

Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1742, gbèsè wà lọ́rùn àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, lórí ilé ìpàdé wọn. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, nǹkan bí ènìyàn méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan máa lọ gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí àwọn agbowó yìí ṣe ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ayé wọn. Owó ló kọ́kọ́ wá, ìbéèrè "báwo ni ọkàn yín?" ló tẹ̀ lé e. Ohun tí à ń pè ní kíláàsì nìyẹn. Ọdún 1842, tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, ni míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman dé Àgbádárìgì, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fi wọ ilẹ̀ wa.

Ní àwọn ìjọ tí mo mọ̀, kíláàsì ṣì wà. Wọ́n ń gba owó kíláàsì déédéé, ìwé rẹ̀ wà, bí ẹ bá sì kú láìsan án, àwọn ọmọ yín ni yóò san án kí wọ́n tó sin yín. Ìbéèrè ni kò sí mọ́.

Ẹ dá a padà láàárín ara yín. Ẹni méjì ti tó, kí wọ́n jẹ́ obìnrin bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ọkùnrin bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin. Ó sàn kí ọ̀kan nínú wọn má bẹ̀rù yín. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí iṣẹ́ òru kò jẹ́ kí ẹ rí ara yín, ẹ ṣe é lórí fóònù, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ wákàtí kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè àwọn ìbéèrè mẹ́ta inú ìwé ìkọ̀wé lọ́wọ́ ara yín. Òfin kan ni à ń pa mọ́ nínú tiwa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáhùn pé "a dúpẹ́". "A dúpẹ́" ti bo ọ̀pọ̀ òkú mọ́lẹ̀ nínú ìjọ. Ohun tí a bá sì sọ níbẹ̀, níbẹ̀ ló ń kú sí. Ẹni tó bá gbé e jáde bí kókó àdúrà, ẹ má pè é mọ́.

Bó bá jẹ́ pé àárẹ̀ ni ńkọ́?

Mo ti rí obìnrin kan tí wọ́n ń bá wí ní gbangba pé iná rẹ̀ ti kú, oṣù kẹrin tó sin ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣe é fún ara yín. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19, Èlíjà jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí òun kú. Ọlọ́run kò bá a wí lórí ìlọ́wọ́wọ́. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ. Bí ẹ kò bá rí oorun sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí oúnjẹ kò lọ, tí ayé sú yín tàbí tí ẹ ń rò pé kí ẹ kú, ẹ lọ rí dókítà, ẹ sọ fún ẹnìkan nínú ilé lónìí. Ìwé ìkọ̀wé lè dúró.

Ẹni tó lọ́wọ́wọ́ kì í ṣàárẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ tí mo fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni yóò ṣòro jù. Ohun tuntun ti gbó, ẹnikẹ́ni kò tíì rí ìyípadà kankan lára yín, aago yóò dún, ẹ ó sì pa á. Ẹ ó fo ọjọ́ kan, ẹ ó fo méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ojú yóò máa tì yín láti jókòó sórí àga yẹn. Ibẹ̀ ni èmi ti dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wá tẹ̀ síwájú ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ẹ má ka orí mẹ́ta pọ̀ láti fi dí èyí tí ẹ fò. Ẹ má gbààwẹ̀ ìtanràn. Ẹ kó eérú, ẹ ṣí ibi tí ẹ dé nínú Máàkù, kí ẹ ka orí tó kàn.